Ọjọ́ Ìpààrọ̀ Èrò: Ohun tí Ojú Mi Rí lórí Ọkọ̀ Afẹ́

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lè rí nǹkan kọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó gùn, kí n sì jẹ́ kó dùn. Kò ní gùn. Ti dídùn yẹn, n kò ṣèlérí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ọ̀dọ́ kan á gun alùpùpù zẹ́mìjàn wá láti Idigny tàbí Okpomèta, á jókòó sí àgbàlá mi, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi wá ọ̀nà bàtó." Bàtó tó ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ apẹja. Ọkọ̀ afẹ́ ni, ilé alájà pọ̀ tí wọ́n gbé lé orí òkun, tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ lórí, tó ní ilé ijó nínú, tó ń gbé àwọn àgbàlagbà Yúróòpù kiri etíkun bí ẹni gbé ẹyin. Ibẹ̀ ni mo ti lo ọjọ́ orí mi. Yàrá ni mo ń tún ṣe. Kí ó yé yín dáadáa: mo ń tẹ́ ibùsùn, mo ń fọ ilé ìgbẹ́, mo ń gbálẹ̀. Gbogbo orúkọ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ń pe iṣẹ́ náà, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.

Bí ẹ bá bi mí nípa òkun, n kò mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yàrá tiwa wà, kò ní fèrèsé. Ohun tí mo mọ̀ ni ọjọ́ ìpààrọ̀. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ń padà sí èbúté. Àwọn èrò tó ti gbafẹ́ tán á bọ́ sílẹ̀ ní àárọ̀, àwọn èrò tuntun á wọlé ní ọ̀sán, ọkọ̀ á tún ṣí ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán yẹn, a gbọ́dọ̀ sọ ọkọ̀ náà di ibi tí ẹnikẹ́ni kò sùn rí. Ẹni tó bá ń wá yín sí iṣẹ́ ọkọ̀ tí kò kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí, òpùrọ́ ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé. Mo kàwé ní yunifásítì títí mo fi gba oyè mètírísì nínú fìlọ́sọ́fì. Bàbá mi fẹ́ lè sọ fún gbogbo Idigny pé ọmọ òun mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Òótọ́ ló sì sọ. Ohun tí mo mọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo rìn ní Kùtọnu títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu, aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní kí n wá, mo fọwọ́ sí kòntráà, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ mi láyà. Adégbìtẹ́ ni mí. Wọ́n ní ó gùn jù, ahọ́n àlejò kò ní gbé e. Wọ́n kọ "Beni" sí i, nítorí pé láti Benin ni mo ti wá. Bí wọ́n ṣe ń fi orílẹ̀-èdè mi pè mí bí ẹni ń pe ajá nìyẹn, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Màmá Doroté, ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ̀yà Gùn pọ́ńbélé. Òun ni olórí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo wà. Ó kúrú, ó ki, fèrè ló fi ń pè wá bí ẹni ń da àgùntàn, ó sì gbọ́ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, débi pé kò sí èébú tó lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni. Ó fẹ́ràn àpọ́nlé ju oúnjẹ lọ. Ó ní dandan ni kí a máa pe òun ní Màdáámù Dirẹkitiríìsì, ìyẹn ọ̀gá àgbà, oyè tí kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan, ó sì fi òwú pupa kọ ọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí lo kọ́ nílé ìwé?"

"Fìlọ́sọ́fì, Màdáámù."

"Kí nìyẹn ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ni bí a ṣe ń ronú."

"Yéè! Mo ní kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá, aronú ni wọ́n rán." Ó ti garawa sí mi. "Ilé ìgbẹ́ pọ̀ níwájú rẹ, Fìlọ́sọ́fù. Máa ronú lọ."

Orúkọ tí mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí nìyẹn.

Bí ó ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò, n kò rí irú rẹ̀ rí. Tí o bá ti tún yàrá ṣe tán, kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó bí àwọn ọ̀gá yòókù. Ó ń dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, á la ojú sí àjà ilé. Á lọ jókòó sórí ilé ìgbẹ́, á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Á ní, "Àlejò kì í dúró wo yàrá. Ó ń dùbúlẹ̀ wò ó, ó ń jókòó wò ó. Ìwọ dúró tún un ṣe, o rò pé o rí i?" Tó bá rí irun kan ṣoṣo nínú ihò omi, á ní kí o tún bàlúwẹ̀ tìrẹ fọ̀, kí o sì bá ẹnìkejì rẹ fọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní irun náà kò jọ irun èèyàn, ó jọ òwú. Ó ní, "Ó dára, jẹ́ ká bi í." Ó gbé irun náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n dúró síbẹ̀ títí irun á fi dáhùn. Mo dúró. Èmi tí mo ní mètírísì, mo dúró ti irun.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi táwẹ́lì ṣe ẹranko. Àwọn èrò ọkọ̀ afẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí erin funfun lórí ibùsùn, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ á pariwo, á ya fọ́tò rẹ̀. Mo fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ọ̀rúndún mẹ́rìnlélógún ṣe erin, mo fi ṣe ọ̀bọ, mo fi ṣe pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ mi ló dára jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ náà fún yín bó ṣe ń lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àpótí èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé àjà, ìwọ lo máa kó o. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí àwọn èrò máa lọ. Wọn ò ní fẹ́ lọ. Ẹni tó ti ń sọ láti ìjẹta pé oúnjẹ ọkọ̀ ti sú òun á wá di òpó mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Ìwọ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ láyà, ehín níta, ebi nínú. O kò gbọ́dọ̀ wo aago. Ẹni tó bá wo aago, wọ́n ní ó lé àlejò.

Bí wọ́n bá ti kúrò, fèrè á dún, gbogbo wa á ya wọ yàrá. A ó bọ́ aṣọ ibùsùn, a ó jù wọ́n síta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á funfun bí ibi tí wọ́n ń wọn òwú ní oko ìgbà ìkórè. Ẹ má bi mí ní ohun tí àwọn ẹni ọ̀wọ̀ ń fi sílẹ̀ sínú aṣọ ibùsùn. Nígbà tí à ń ṣe èyí, nísàlẹ̀, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ńlá ọkọ̀. Ọ̀dùnkún ń wọlé, ẹran ń wọlé, ọtí ń wọlé. Aláìsàn ń jáde. Bí àgbàlagbà kan bá ti kú sínú afẹ́ náà, tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sínú ilé òtútù, ọjọ́ yìí ló ń jáde. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni òkú ń gbà jáde tí kábéèjì ń gbà wọlé. Lókè, orin ń dún, wọ́n ń to òdòdó.

Àwọn kan tún wà tí a ń pè ní aṣẹ́kù. Àwọn wọ̀nyí sanwó ìrìn-àjò méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, wọn kì í lọ sílé. Ṣùgbọ́n òfin èbúté ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá kí èrò tuntun tó wọ̀ ọ́, nítorí náà a ó kó aṣẹ́kù jọ sí gbọ̀ngàn kan, a ó fún wọn ní káàdì, a ó mú wọn bọ́ sílẹ̀, àwọn agbófinró èbúté á wo ìwé wọn, wọ́n á kéde pé ọkọ̀ ti ṣófo, a ó sì tún mú wọn padà ṣáájú gbogbo èèyàn. Ẹ kò tíì rí ìgbéraga bí ti aṣẹ́kù. Bí wọ́n bá ti padà wọlé, wọ́n ti di onílé. Wọ́n á dúró lórí àkàbà, wọ́n á máa wo èrò tuntun bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lẹ́yìn náà ni èrò tuntun á wọlé, ìwọ á tún dúró sẹ́nu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ehín kan náà. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o láyọ̀ lórí ọkọ̀. O láyọ̀. Ó wà nínú kòntráà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, fèrè Màmá Doroté ni aago wa. Kọ́kọ́rọ́ irin ni a so mọ́ ìbàdí, ìgbálẹ̀ àti garawa ni ohun èlò. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ dé, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Kọ́kọ́rọ́ di káàdì. Nígbà tó yá, wọ́n pín fóònù pẹlẹbẹ kan fún wa. Yàrá tí a kò tíì tún ṣe á pupa nínú rẹ̀, èyí tí a ti ṣe tán á di àwọ̀ ewé. Wọ́n ní yóò mú iṣẹ́ wa fúyẹ́. Àwa la fúyẹ́: ibi tí a ti wà ní mẹ́rin, a di méjì. Bí Màmá Doroté bá rí i pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́, ó lè fi fèrè sápò fún ìgbà díẹ̀, kó ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Ta ló máa bẹ fóònù?

Fóònù yìí àti ọ̀gá tuntun kan ló jọ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ehín rẹ̀ funfun ju aṣọ ibùsùn wa lọ. Ó ní kí a má pe òun ní ọ̀gá, nítorí pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Fàmíì ni àwọn Faransé ń pe ẹbí, kò sì sí gbólóhùn tí kì í sọ ọ́, la bá sọ ọ́ ní Mùsíọ̀ Fàmíì, Ọ̀gbẹ́ni Ẹbí. Ẹ wo irú ẹbí tó jẹ́. Òun ń jẹ ẹja lókè, àwa ọmọ ìyá rẹ̀ ń jẹ ìrẹsì àná nísàlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìdòwú dé, ọmọ Okpomèta. Ìyá kan bàbá kan kọ́ ni wá, àmọ́ lórí omi, ẹni tó bá ti gbọ́ èdè rẹ, àbúrò rẹ ni. Wọ́n fi í ṣe ẹnìkejì mi. Ó ti gbin ẹ̀gẹ́, ó ti ta bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́bàá títì, kò sí èyí tó gbè é. Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí nìkan ló kù fún un, ó sì mọ̀ ọ́n. Nítorí ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ wa nìyí: bí wọ́n bá lé ọ sọ̀kalẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà á tẹ̀ lé orúkọ rẹ, kò sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbà ọ́ mọ́ láéláé. Ọjọ́ ìpààrọ̀ sì ni ọjọ́ tí wọ́n ń léèyàn, torí pé ọjọ́ náà ni ẹni tó máa rọ́pò rẹ ń dúró ní èbúté pẹ̀lú àpótí.

Aṣẹ́kù kan wà ní yàrá tí Ìdòwú ń tọ́jú, Màdáámù Odẹ́ẹ̀tì, opó Faransé kan. Ó fẹ́ràn Ìdòwú. Ó ń pè é ní "ọmọ Áfíríkà mi", bí ẹni pé ó rí i he ní etíkun. Ó ń jẹ bísíkíìtì lórí ibùsùn, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ kì í sì yàtọ̀ sí abẹ́ àká àgbàdo.

Ní ọjọ́ ìpààrọ̀ kan, wọ́n ti kó àwọn aṣẹ́kù sọ̀kalẹ̀, mo ń kọjá lọ, mo yọjú sí yàrá náà. Ìdòwú ti tẹ́ ibùsùn, ó ti fọ bàlúwẹ̀, erin táwẹ́lì ti jókòó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kún fún ẹ̀rún bísíkíìtì.

"Ìdòwú, ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

"Mo mọ̀ pé ó jáde. Ìdí tí a fi ń gbálẹ̀ nìyẹn."

"Ó máa padà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi, ó sì yé ẹ̀yin náà. Nílé wa, bí ẹnì kan bá jáde lọ sí ìrìn-àjò, a kì í gbálẹ̀ tẹ̀ lé e. A ó jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ ná. Ẹni tí a bá gbálẹ̀ tẹ̀ lé, òun náà la gbá dànù, kò ní padà wálé. Mo ní, "Ṣebí gbogbo ọjọ́ ìpààrọ̀ lo ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn?"

"Àwọn yẹn ń lọ sílé wọn, wọn ò ní ohun tí wọ́n ń padà wá ṣe. Tèyí yàtọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àgbàlagbà ni. Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbá a dànù?"

"Ẹ̀rọ lo fi ń gbá a, kì í ṣe ìgbálẹ̀."

"Kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ń gbálẹ̀."

"Ẹ ti dáhùn."

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dán mi wò ní yunifásítì, kò sí èyí tó há mi mọ́gun tó báyìí. Ó ní bí màmá náà bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ padà báyìí, òun á sáré gbá a. Mo jẹ́ kó ṣe é. Yàrá tèmi ń dúró dè mí.

Bó bá jẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá ni, ì bá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Mùsíọ̀ Fàmíì ní àlejò lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan láti olú ilé-iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí ó rí bí òun ṣe ń ṣìkẹ́ èrò. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọn aṣẹ́kù gòkè, pẹ̀lú òdòdó. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn Màdáámù Odẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ìdòwú fi máa fa ẹ̀rọ dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró lórí ẹ̀rún bísíkíìtì, ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ bàtà wọn.

Màdáámù náà bi Ìdòwú ní ohun tó dé. Faransé sá fún un, èmi tí mo ti tẹ̀ lé e dé bá túmọ̀: "Ó ní kí ẹ lè padà wá láyọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí òun kò ṣe gbálẹ̀ tẹ̀ lé yín."

Obìnrin náà fọwọ́ sáyà. Omi lé sí i lójú. Ó ní, "Ẹ wo bó ti lẹ́wà tó! Ẹ wo ọgbọ́n àwọn baba yín!" Ó di mọ́ Ìdòwú, ó ní kí n ya fọ́tò wọn. Mo yà á. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó lọ sídìí tábìlì àwọn agbàlejò, ó ní yàrá òun dọ̀tí, kí wọ́n fún òun ní wáìnì kan fún ìyà tó jẹ òun.

Wọ́n fún un. Pupa ló mú.

Mùsíọ̀ Fàmíì pè wá sí yàrá ibi tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí: èmi, Ìdòwú, Màmá Doroté. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ, lọ di ẹrù rẹ. Ẹni tó máa gba ipò rẹ ti wà nísàlẹ̀."

Ìdòwú di ògiri mú. Èmi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa àṣà, mo ti la ẹnu, Màmá Doroté sì wọ àárín wa.

"Èmi ni mo ní kó má gbá a."

Mo wò ó. Obìnrin tó ní kí n dúró ti irun! Òun ni ì bá kọ́kọ́ gbá Ìdòwú létí ká ní ó rí ilẹ̀ náà.

"Màdáámù," mo ní, "kì í ṣe..."

"Panu mọ́, Fìlọ́sọ́fù!" Nàgó ló fi sọ ọ́. Ó tún yíjú sí ọ̀gá, ó padà sí Faransé. "Ọdún mélòó ni mo ti fi ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn nínú ọkọ̀ yín? Àwọn kan kò tíì dé orí àkàbà, mo ti gbá wọn. Ọmọ kan ṣoṣo wá bọ̀wọ̀ fún àlejò yín, ẹ fẹ́ dí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo pàṣẹ. Èmi ni olórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n òwe kò sọ ohun tí ọjà ń ṣe fún àgbà lẹ́yìn tó bá ti gbé orí ọmọ dúró. Ó ti pẹ́ tí Mùsíọ̀ Fàmíì ti ń wá ọ̀nà tí obìnrin yìí yóò gbà lọ. Ó rọra tẹ fóònù rẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, Doroté, ìwọ ni yóò lọ. Kí o kúrò kí èrò tó kún. Ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ ni kí o gbà, kí o má dà wọ́n láàmú."

Kò tilẹ̀ pè é ní Màdáámù.

Mo gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, Ìdòwú tẹ̀ lé wa. Lẹ́nu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́, tábìlì kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ti ń tú ẹrù ẹni tó bá ń lọ, kí ó má baà jí síbí tàbí táwẹ́lì ilé-iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí i kí wọ́n tú ẹrù ọ̀gá funfun kan. Ẹ̀ṣọ́ náà tú àpótí Màmá Doroté dànù sórí tábìlì: ìró rẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, aṣọ tó máa fi wọlé ní Àjàṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun tó fẹ́ wọlé tò sẹ́yìn wa, gbogbo wọn ń wò. Ẹ̀ṣọ́ kò rí nǹkan kan. Ó ti ẹrù náà sí i.

"Kó o, máa lọ."

Màmá Doroté ká apá mọ́ àyà. "Ìwọ lo tú u. Ká a."

Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Doroté fa àga kan, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Ẹni tó wà lóde kò lè wọlé, ẹni tó wà nínú kò lè jáde. Ọ̀nà òṣìṣẹ́ kò fẹ̀. Àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn tí wọ́n rọ́pò kò lè lọ, ẹni tó ń ka òṣìṣẹ́ kò lè parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò lè ṣí bí òṣìṣẹ́ kò bá pé. Ẹ̀ṣọ́ ní òun á gbé e jù síta.

Ó ní, "Gbé mi. Mo tẹ̀wọ̀n."

Wọ́n pe Mùsíọ̀ Fàmíì. Ó sáré dé, ó ti ń làágùn, ó ti wá ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe báyìí. Ṣebí ẹbí kan ni wá."

"A jẹ́ ẹbí?"

"Ẹbí ni wá, Màmá."

"Nígbà náà, ká aṣọ ìyá rẹ."

Lókè, orin ìkíni-káàbọ̀ ń lọ. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó kúnlẹ̀ ti tábìlì náà nítorí pé tábìlì kúrú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró. Kò mọ̀ ọ́n ká. Màmá Doroté dìde, ó dúró lé e lórí bó ṣe ń dúró lé èmi lórí.

"Kò gún. Tún un ká."

Ó tún un ká.

"Má fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin yẹn nù ún. Tún un ká."

Títí dórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló fi ká a, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun. Nígbà tó tán, Màmá Doroté pa àpótí dé, ó gbé e, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ó sọ fún Ìdòwú, "Jẹun." Ó sọ̀kalẹ̀. Kò juwọ́, kò wẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ó ṣì lọ. Ilé-iṣẹ́ kò fún un ní ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, nítorí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ló gbé e lọ. Mùsíọ̀ Fàmíì gba oyè kí ọdún tó yípo. Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé. Èmi ni mo ń ṣe àròyé yìí láti ìgbà náà, mo sì tún ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀, nítorí pé ìbínú kì í san owó ilé ìwé ọmọ. Mo padà wá sí ilẹ̀ wa ní Kétu. Mo ń gbin iṣu. Iṣu kì í bi mí bóyá mo láyọ̀.

Ìdòwú jẹun. Ó jẹ ẹ́ dáadáa. Ó gòkè, ó di olórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di olórí àjà. Lónìí, òun ni aṣojú tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló wá kí mi, bàtà funfun, ehín funfun.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí ń bẹ̀rù òkun. Tí ẹ̀yin tí ẹ kàwé bá kọ ìtàn iṣẹ́ yín, tí mo bá ń kà á fún wọn láti abúlé dé abúlé, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kó dùn o. Ẹbí kan ni wá."

Mo bi í léèrè Màmá Doroté.

"Háà, màmá yẹn! Ó ti pẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń gbèrò àtilọ kí i. Àyè ni kò sí."

Láti Kùtọnu dé Kétu, àárín Àjàṣẹ́ ni títì gbà kọjá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí títì náà, mo ń lọ síbẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò sì béèrè Ìdòwú lọ́wọ́ mi rí.

Nítorí náà mo ti kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Ìdòwú ṣe ní kí n kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ báyìí, ẹ̀yin ọmọ Idigny, ẹ̀yin ọmọ Okpomèta, bí kò bá fo ojú ìwé kankan. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí kòntráà rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti yà ní Àjàṣẹ́. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀ bó bá ń dáhùn. Ojú ni kí ẹ wò.